Alága Ìgbìmọ̀ Má-Fọwọ́-Kàn-Án

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn ara rẹ̀ débi pé, bó bá fá irùngbọ̀n tán láàárọ̀, ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dígí. Ọ̀gá àgbà ni ní ilé-iṣẹ́ omi kan, níbi tí wọ́n ti ń fa omi láti inú odò, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì ń tì í gba inú páìpù lọ sílé onílé. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ náà, àwọn tó ń ṣe é ń làágùn. Ọ̀gá nìkan ni kì í làágùn, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù méjì ló wà ní yàrá rẹ̀: ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún àga rẹ̀.

Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti yọ lẹ́nu géètì báyìí, eré bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ṣọ́ á nà ṣánṣán bí igi. Ẹnì kan á gba báàgì, ẹlòmíì á ṣí agbòjò, òjò ìbáà rọ̀ kó má rọ̀. Ọkùnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà, á ti dúró sórí àtẹ̀gùn, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi oyin ra ètè rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà! Ẹ̀yin òpó tó gbé ilé ró! Ẹ̀yin tí omi ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu! Àná tí ẹ ò wá, sà, ńṣe ni omi ń lọ tìkọ̀-tìkọ̀ nínú páìpù."

"Àná ọjọ́ ìsinmi ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Omi náà sinmi, sà."

Ọ̀gá á mi orí, á wọlé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀gá kì í fi ẹnu lásán kí obìnrin. Ó ní àlejò ló ń fi ẹnu kí ni, ọwọ́ ni bàbá fi ń kí ọmọ. Yóò gba ọwọ́ obìnrin mú, kò ní fi í sílẹ̀. Ọwọ́ kejì á gun èjìká, láti èjìká á sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn, láti ẹ̀yìn... ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀, nítorí òun kì í dúró síbẹ̀. Àdúrà ni yóò sì máa gbà ní gbogbo àkókò yìí: "Wàá ròkè, ọmọ mi. Ojú ò ní tì ọ́, ọmọ mi." Bẹ́ẹ̀ ojú ti ń ti ọmọ náà lórí ìdúró.

Àwọn obìnrin ibẹ̀ sọ ọ́ ní Baba Oníre. Nígbà tí orúkọ náà ta sí i létí, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè láìbéèrè. Kò mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni. Bí wọ́n bá ti ń gbọ́ kò-kò-kà bàtà rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹnì kan á sọ wẹ́rẹ́ pé, "Baba Oníre ń bọ̀ o." Wéré, olúkúlùkù á wá nǹkan gbé. Èyí á gbá páálí ìwé mọ́ àyà, tọ̀hún á gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ìyá agbálẹ̀ á sì gbé garawa omi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ẹrù kún ọwọ́ rẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mú? Ẹni tó di páálí mọ́ra, níbo lẹ fẹ́ gbà dì mọ́ ọn?

Ọ̀gá wo èyí títí, orí rẹ̀ wú. Ó sọ ọ́ nínú ìròyìn ọdọọdún pé, "Láti ìgbà tí mo ti dé orí àléfà, àwọn obìnrin wa kì í jókòó lásán. Ìgbàkígbà tí mo bá ń kọjá, ẹrù ló wà lọ́wọ́ wọn."

Bó ṣe wà nìyẹn tí àṣẹ fi dé láti olú ilé-iṣẹ́ pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí yóò dènà ìfìbálòpọ̀-yọnilẹ́nu lẹ́nu iṣẹ́, kí obìnrin àti ọkùnrin lè ṣiṣẹ́ wọn láìsí ìbẹ̀rù. Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò rí i pé wọ́n ti gbọ́ nípa mi!"

Ó pe ìpàdé. Ó jan ọwọ́ mọ́ tábìlì.

"Nǹkan yìí, tí mi ò ní fi ẹnu mímọ́ mi dárúkọ, kò ní wọ ilé yìí níṣojú mi. Mo ti yan alága ìgbìmọ̀. Èmi ni. Mo ti yan igbákejì alága, tí yóò máa dúró fún alága bí alága ò bá sí nílé. Èmi náà ni, kí iṣẹ́ má baà dàrú."

"Ẹ kú oríire ìyànsípò, sà!" Bẹ́ẹ̀ni-Sà ké. "Ẹni tó dáa ò pọ̀ láyé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la rí, a sì yàn án lẹ́ẹ̀mejì!"

Àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ìgbìmọ̀ náà ní Má-Fọwọ́-Kàn-Án. Alága ò kọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin. Ó fòfin de lọ́fínńdà fáwọn obìnrin, nítorí ó ní imú ni ìwàkiwà máa ń gbà wọlé. Ó ní ọkùnrin àti obìnrin ò gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn pọ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà, nítorí náà kí àwọn obìnrin máa dúró sínú oòrùn títí ọkùnrin tó kẹ́yìn á fi gòkè. Ó wá ní kí káfíńtà gé pákó gígùn, kí ọkùnrin tó bá fẹ́ bá obìnrin sọ̀rọ̀ na pákó náà sáàárín, kí ọ̀kan di orí kan mú, kí èkejì di orí kejì. Ọ̀pá Ìwà Rere ló pè é.

Ní ilé ẹ̀rọ, ọkùnrin kan àti obìnrin kan ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe, pákó wà láàárín wọn. Ọkùnrin náà ní kí ó na sípánà sí òun. Ọwọ́ ò tó o. Bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́, tí wọ́n ń na ọrùn, nọ́ọ̀tì kan já, omi tú jáde gbùù, ó wẹ àwọn méjèèjì láti orí dé ẹsẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìdajì ìlú ò rí omi bọ́jú. Ọ̀gá ní ìyẹn ò burú. Ìwà mímọ́ ṣáájú ojú mímọ́.

Èyí tó wá ga jù ni àpótí ẹ̀sùn. Ó ní kí wọ́n kan àpótí kan, kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá yọ lẹ́nu kọ ẹ̀sùn rẹ̀ síbẹ̀ láìfòyà. Kí àpótí má baà sọnù, ó gbé e sí yàrá ara rẹ̀, lẹ́yìn àga rẹ̀ gan-an. Kí ẹ̀sùn má baà sọnù, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò ara rẹ̀.

Akọ̀wé rẹ̀, obìnrin àgbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Akọ̀wé, rọra bi í bí ó ṣe ń gbé tíì rẹ̀ wọlé pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà? Ṣé kí káfíńtà gé ọ̀pá tiyín?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Èmi kẹ̀? Àwọn ọkùnrin ni mo ṣòfin fún. Bàbá lèmi. Bàbá kì í yọ ọmọ lẹ́nu."

Ọmọbìnrin kan wà ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ omi wò. Kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Onígò ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sígbà tí ìgò omi kì í wà lọ́wọ́ rẹ̀: omi odò, omi táńkì, omi ẹnu ẹ̀rọ ilé-ìwé. Àsìkò tí wọ́n fi ń dán an wò ti ń parí lọ. Bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí fáìlì rẹ̀, ó di òṣìṣẹ́ pátápátá. Bí kò bá fọwọ́ sí i kí oṣù tó parí, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Òun sì ni ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ gbójú lé.

Ó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàsán, sà. Mo ní kí n wò ó bóyá ẹ ti bá mi fọwọ́ sí fáìlì mi."

"Fáìlì! Ọmọ mi, fáìlì kọ́ ló ń gbé èèyàn ròkè. Ojú rere ni." Ọ̀gá dìde, ó yí tábìlì po, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ dé èjìká ọmọ náà. "Ti ilẹ̀kùn yẹn."

Onígò fà sẹ́yìn. "Ó dáa bó ṣe wà yẹn, sà."

"Lọ́jọ́ Sátidé, màá wà nílé àlejò wa lẹ́bàá táńkì ńlá. Dírẹ́bà á wá gbé ọ. A ó jẹun, a ó wá jíròrò lórí ọjọ́ ọ̀la rẹ. Mo máa ń ro ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ mi gan-an ni."

"Ẹ ṣé, sà. Mi ò ní wá."

"Ojú ń tì ọ́ ni."

"Rárá, sà, ojú ò tì mí. Mi ò fẹ́ wá ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn mí mọ́. Mi ò fẹ́ ẹ, sà."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ wo ló tún kù tó lè ṣe kedere ju èyí lọ? Ṣùgbọ́n láti ẹnu ọmọ náà dé etí ọ̀gá, ọ̀rọ̀ náà ti pààrọ̀ aṣọ lójú ọ̀nà. "Mi ò fẹ́" tó kúrò lọ́hùn-ún, "ẹ tún bẹ̀ mí" ló dé ìhín. Ọ̀gá padà jókòó, ó fi fáìlì Onígò sábẹ́ ife tíì rẹ̀, ó ní, "Fáìlì rẹ ò lọ ibì kan. Bí o bá ti ronú tán, á dìde."

Nígbà tó di Sátidé, Dírẹ́bà lọ bí wọ́n ṣe rán an. Onígò jáde wá bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀dá, ẹ padà. Mi ò lọ."

Dírẹ́bà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí sítíárì. "Mo mọ̀, àbúrò mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wa àwọn èèyàn lọ síbẹ̀. Àwọn kan máa ń sunkún bọ̀, èmi á sì máa ṣe bí ẹni tó ń wo ọ̀nà." Ó yí ọkọ̀ padà. Ọ̀gá dá oúnjẹ ẹni méjì jẹ lọ́jọ́ náà, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ yẹn ní ìtìjú, ìtìjú sì yẹ obìnrin.

Èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ò sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yọ́ ọ sọ. Onígò lọ bá Àǹtí Akọ̀wé.

"Àǹtí, mo fẹ́ fẹjọ́ sùn. Níbo ni kí n gbé e lọ?"

"Inú àpótí ẹ̀sùn ni."

"Níbo ni àpótí ọ̀hún wà?"

"Lẹ́yìn àga rẹ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn, wọ́n rín in títí ẹ̀rín Onígò fi di ẹkún. Àǹtí Akọ̀wé na aṣọ ìnujú sí i.

"Ọmọ mi obìnrin jù ọ́ lọ," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé páálí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ kiri ilé yìí, tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun bí wọ́n ṣe máa gbé tiwọn. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Ẹrù lásán ni mo ń kọ́ yín láti gbé." Ó dìde, ó lọ pe Dírẹ́bà àti ìyá agbálẹ̀ wá.

Lọ́jọ́ tí aṣojú olú ilé-iṣẹ́ máa wá wo iṣẹ́ ìgbìmọ̀, wọ́n to àga sí gbọ̀ngàn, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kalẹ̀. Obìnrin kúkúrú kan ló wá, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó wà létí ibùsùn aláìsàn. Ọ̀gá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì, àti ẹ̀yin tí ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì! Kí n tó débí, kò sí ìwà rere níbí. Bí mo ṣe dé ló dé. Bí mo bá lọ, ẹ̀rù ń bà mí pé á tẹ̀ lé mi! Ẹ wo àwọn obìnrin yìí. Ta ló ń pa wọ́n mọ́? Èmi ni. Ta ló ń súre fún wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀? Èmi náà ni!"

Ó sọ̀rọ̀ títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi sùn lórí ìdúró. Nígbà tó parí, obìnrin náà ní, "Ẹ ṣeun, sà. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ fi eré kékeré kan ṣàlàyé fún mi: kí ni kò yẹ kí ọ̀gá ṣe? Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Dírẹ́bà dìde. Ó ki tìmùtìmù bọ inú ẹ̀wù, ikùn rẹ̀ yọ gòǹgò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn: kò-kò-kà, kò-kò-kà. Ìyá agbálẹ̀ ké lẹ́yìn pé, "Baba kan ń bọ̀ o!" Gbogbo obìnrin tó wà ní ìlà iwájú bá dìde, wọ́n gbé àga wọn mọ́ àyà.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ta ló wá ń rẹ́rìn-ín jù? Ọ̀gá ni! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni.

Àǹtí Akọ̀wé, tó ṣe bí ọmọbìnrin tuntun, dúró síwájú Dírẹ́bà. "Fáìlì mi ni mo wá béèrè, sà."

"Wàá ròkè, ọmọ mi," ni Dírẹ́bà wí, ọwọ́ rẹ̀ gun èjìká, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

"Mi ò fẹ́ ẹ, sà."

"Ojú ń tì ọ́ ni."

Ọ̀gá ò lè fara dà á mọ́. Ó fò dìde. "Ẹ dá a dúró ná! Irú ẹranko wo nìyí? Ó fi àdúrà bojú! Ọmọ ọlọ́mọ ní òun ò fẹ́, ó tún ń fọwọ́ fà á! Gẹ́gẹ́ bí alága, mo dájọ́: irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kí oòrùn tó wọ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Bẹ́ẹ̀ni-Sà fò sókè. "Lónìí, sà! Oòrùn ti pẹ́ jù, sà!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò tíì sígbà kan tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn obìnrin ń pa á tọkàntọkàn, àwọn mìíràn dúró lórí àga. Ọ̀gá tẹrí ba fún wọn lápá ọ̀tún, ó tẹrí ba lápá òsì.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí eré wọn," ni obìnrin ohùn-jẹ́jẹ́ wí.

Dírẹ́bà bá padà sídìí tábìlì. Ó gba fáìlì lọ́wọ́ Àǹtí Akọ̀wé, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì gbé ife tíì kan lé e lórí, jẹ́jẹ́. "Fáìlì rẹ ò lọ ibì kan," ó ní. "Bí o bá ti ronú tán, á dìde."

Ọ̀gá wo ife náà. Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu. Ó mọ ife yẹn. Ó wo ikùn Dírẹ́bà, ó wo ikùn ara rẹ̀.

"Eré ni," ó ní. "Ṣebí eré ni?"

Onígò dìde níbi tó jókòó sí.

"Kì í ṣe eré, sà. Èmi ni mo ní fáìlì yẹn. Mo sọ fún yín pé kí ẹ má fọwọ́ kàn mí. Mo sọ ọ́ ní kedere. Ẹ ní ojú ló ń tì mí."

Ọmọbìnrin kan tó ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé náà dìde. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá agbálẹ̀. "Garawa méjì ni mo máa ń gbé tí ẹ bá ń bọ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò lè sùn. Kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́."

"Ìyá, ẹ̀yin náà?" Ọ̀gá sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n dalẹ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti rọra kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́, mà," ó wí fún obìnrin náà.

"Ta lẹ sọ ọ́ fún?"

"Inú ọkàn mi ni mo ti ń sọ ọ́, mà."

Obìnrin ohùn-jẹ́jẹ́ kọjú sí ọ̀gá. "Sà, mi ò tíì dájọ́ kankan, ẹ̀yin lẹ dá a. Ẹ máa lọ sílé ná. A ó gbọ́ tẹnu gbogbo wọn, a ó sì gbọ́ tẹnu yín náà."

Wọ́n gbọ́ tẹnu gbogbo wọn lóòótọ́, ó gbà wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Àwọn obìnrin tó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tipẹ́ gbọ́, wọ́n wọkọ̀ wá. Dírẹ́bà sọ tirẹ̀, kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ ọ̀gá, wọn ò sì gbà kó fi ọ̀rọ̀ ìdágbére kankan jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Adelé rẹ̀ fọwọ́ sí fáìlì Onígò. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ tuntun tí ọ̀gá kankan ò sí nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ fẹjọ́ sùn lè gbé e tààrà lọ sí olú ilé-iṣẹ́. Àwọn pákó káfíńtà, ẹ̀ṣọ́ fi kan àga ìjókòó sẹ́nu géètì.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ eré yẹn gan-an, ọ̀sán ṣì pọ́n nígbà tí ọ̀gá délé. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ nílé, wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń rán èjìká ẹ̀wù ọmọdé kan.

"Bàbá ọmọ mi, ṣé kò sí o? Ẹ tètè dé."

"Ọ̀tá!" Ọ̀gá ju ara rẹ̀ sórí àga. "Ọ̀tá yí mi ká! Wọ́n kó ara wọn jọ, Dírẹ́bà tí mo sọ dèèyàn, agbálẹ̀ lásánlàsàn! Wọ́n ní mò ń yọ àwọn lẹ́nu."

Ẹ̀rọ ìránṣọ ò dúró. "Kí lẹ ṣe fún wọn?"

"Kí ni mo ṣe? Mo ń bá wọn ṣeré. Mo ń súre. Ọwọ́ lásán! Ta ni ọwọ́ pa rí?"

Ẹ̀rọ dúró. Obìnrin náà yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́, ó rọra ká a.

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí, òun náà máa ń bá wa ṣeré," ó ní. "Bó bá fẹ́ wọ̀n wá fún aṣọ, kì í lo tépù. Mo sá kúrò níbẹ̀, mi ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ fún ọdún méjì. Gbogbo èèyàn ní ọ̀lẹ ni mí."

Ọ̀gá fò dìde, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. "Ta ni? Níbo lonítọ̀hún wà? Ìyàwó tèmi! Màá wá a kàn! Ẹran ìdin ni! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

Ìyàwó rẹ̀ gbé ojú sókè, ó wò ó. Inú kò bí i. Ńṣe ló dà bíi pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Mo sọ fún yín," ó ní. "Kí a tó ṣègbéyàwó ni. Ẹ̀rín lẹ rín. Ẹ ní bóyá ojú ló ń tì mí."

Ọ̀gá la ẹnu. Ọkùnrin tó lè fi ọ̀rọ̀ mú ẹ̀ṣọ́ sùn lórí ìdúró, ó wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò rí i. Ìyàwó rẹ̀ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó sì ń bá ẹ̀wù ọmọdé náà lọ.